Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Láti Ka Ìròyìn Nípa Àwọn Ogunléndé



Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe kí a mọ bí a ti í kọ́ ọmọdé ní A, B, D nìkan. Ọmọ tí ó bá ti mọ ìwé kà yóò ka ohun gbogbo tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìbáà ṣe òtítọ́, ìbáà ṣe irọ́, ìbáà ṣe àdàlù àwọn méjèèjì. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, tí kò sì kọ́ ọ bí a ti í yẹ ohun tí a kà wò, ó dàbí ẹni tí ó fi àdá lé ọmọ lọ́wọ́ láìfi ojú àdá náà hàn án. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ mọ́ èyí, tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: bí ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ alágbèéká ti í ròyìn àwọn tí ogun tàbí ìnira lé kúrò ní ilé wọn, àti bí ìròyìn náà ti í lẹ̀ mọ́ wọn lára títí yóò fi di orúkọ fún wọn. Èrò mi ni pé a lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ní ọ̀rọ̀ yìí láìná owó púpọ̀, àti pé ó yẹ kí a kọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò lọ́wọ́ wa. Nítorí kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

ÌTUMỌ̀ ORÚKỌ NÁÀ

Èdè wa kò ṣe aláìní orúkọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. A ń pè é ní ogunléndé. Ẹ wo bí a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: ogun ni ó lé e dé. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ó jẹ́ ọ̀lẹ, kò sì sọ pé ó jẹ́ ewu. Ohun tí a ṣe sí i ni ó sọ. A tún ní asásálà, ẹni tí ó sá wá ibi ààbò. A ní àtìpó, ẹni tí ó wá gbé ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. A ní àlejò àti àjèjì. A sì ní ìsáǹsá, ẹni tí ó sá kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, bí ẹni pé ó ní ẹ̀bi lọ́rùn. A lè pe ènìyàn kan ṣoṣo ní gbogbo orúkọ wọ̀nyí láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dìde nínú ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ogunléndé kì í ṣe ohun tí ó ń dìde nínú ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ìsáǹsá. Àwọn baba wa mọ èyí nígbà tí wọ́n sọ pé orúkọ ní í ro ọmọ.

Òfin pẹ̀lú ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ní 1951 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ìwé àdéhùn kan ní Geneva, tí ó sọ pé ogunléndé ni ẹni tí ó jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tí ó ní ìdí, pé a óò ṣe inúnibíni sí òun nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Ní oṣù September 1969, ní Addis Ababa, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà mú ìtumọ̀ náà gbòòrò, wọ́n fi àwọn tí ó sá fún ogun àti fún rúkèrúdò tí ó da ìlú rú kún un. Ẹni tí ó sá kúrò ní ilé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá ààlà orílẹ̀-èdè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ará Borno tí ó sá wá sí ilẹ̀ Yorùbá, kò sí nínú ìtumọ̀ òfin yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìjọba ìlú kan lé padà sí ìlú baba rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ìròyìn fi ń wo gbogbo wọn, nítorí náà èmi yóò sọ̀rọ̀ nípa wọn pọ̀.

ÒǸTẸ̀

Ẹni tí ó bá ti lo òǹtẹ̀ rí mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. A gbẹ́ ojú kan sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Bí ó ti wù kí ìwé náà pọ̀ tó, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn a máa ṣe sí ènìyàn. Ó rí àlejò kan tí ó jalè, ó gbẹ́ ẹ sí òǹtẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹgbẹ̀rún àlejò tí kò jalè ń gbé ojú olè kiri. Ó rí òmíràn tí ó na ọwọ́ tọrọ oúnjẹ, ó gbẹ́ òun náà. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ṣòro fún òǹkàwé láti gbà pé ogunléndé lè jẹ́ agbẹ̀bí, tàbí télọ̀, tàbí olùkọ́ bí àwa.

Òǹtẹ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan sọ ogunléndé di ewu, èkejì sọ ọ́ di alágbe. Ìkíní burú ní gbangba, a sì tètè rí i. Èkejì wọ aṣọ àánú, nítorí náà ni ó fi ṣòro láti rí. Ẹ rántí ogun abẹ́lé tí a jà ní ilẹ̀ yìí láti 1967 títí di 1970. Ní 1968 ni àwọn àwòrán ọmọdé tí ebi ti sọ di egungun, tí ikùn wọn sì wú, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Òyìnbó. Àwòrán wọ̀nyí ṣe rere: àánú ṣe ayé, ọkọ̀ òfúrufú sì ń gbé oúnjẹ lọ ní òru láti erékùṣù São Tomé. A kò gbọ́dọ̀ sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkèèrè, ọmọ tí ebi ń pa náà di ojú gbogbo Áfíríkà. Orúkọ ọmọ náà kò sí lábẹ́ àwòrán. Iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ń ṣe kò sí níbẹ̀. Ìdí tí oúnjẹ kò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Ìròyìn lè gba ẹ̀mí ènìyàn là, kí ó sì tún gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

ÀPÒ TÍ Ó DI ORÚKỌ

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí ojú àwọn ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a rìn jù ọjà Ọ̀wọ̀ lọ. Àpò ńlá kan wà níbẹ̀ tí a fi ọ̀rá hun, tí ó ní ilà pupa àti ilà búlúù lórí funfun. Gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀: Ghana Must Go, èyí tí í ṣe pé ará Ghana gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni ní agbègbè Isuada, mo mú ọ̀kan lọ sí kíláàsì karùn-ún, mo sì gbé e lé orí tábìlì. Gbogbo ọmọ ni ó pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi wọ́n pé, “Ta ni ará Ghana yìí, kí sì ni ó ṣe tí ó fi gbọ́dọ̀ lọ?” Kíláàsì dákẹ́. Níkẹyìn, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Tíṣà, bóyá olè ni wọ́n.”

Ọmọ náà kò ka ìwé ìròyìn 1983 rí, kò sì rí ará Ghana kan sójú. Orúkọ àpò nìkan ni ó gbọ́, ó sì ti fi í dá ẹjọ́. Bí òǹtẹ̀ ti í ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn náà bí ó ti rí. Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1983, nígbà tí Alhaji Shehu Shagari jẹ́ Ààrẹ, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já wálẹ̀, iṣẹ́ sì ti wọ́n. Wọ́n ní àjèjì ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀, àti pé àjèjì ni ó ń jalè. Àwọn tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Ghana ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Togo láti 1982, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn há sí ọ̀nà, ní Benin àti ní Togo, títí a fi ṣí i ní òpin oṣù January. Àpò onílà náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi di ẹrù. Àwọn tí ó ru àpò náà lọ, àpò sì jogún orúkọ wọn. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀: ní Jámánì, àwọn ará Turkey tí ó wá ṣe iṣẹ́ ni wọ́n fi sọ irú àpò bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni èyí. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, oṣù méjì péré lẹ́yìn ìpàdé Addis Ababa tí mo sọ lókè, ìjọba Ghana lábẹ́ Dókítà Kofi Busia ti kọ́kọ́ pa irú àṣẹ kan náà: àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ó fi jáde. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú àwọn tí a lé, àwọn Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà náà: àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Òfà, láti Ìlọrin, láti Ṣakí àti Ìgbòho. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ibẹ̀; àwọn mìíràn, ibẹ̀ ni a bí wọn sí, wọn kò sì mọ ilé baba wọn rí. Kí ni a ń sọ nípa wọn nígbà náà? Wọ́n ní wọ́n gba òwò lọ́wọ́ onílé. Wọ́n ní fàyàwọ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ọwọ́ wọn ni ìwà ọ̀daràn wà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ 1969 àti ọ̀rọ̀ 1983 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: òǹtẹ̀ kan náà ni, ẹni tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ lára nìkan ni ó yí padà.

Nígbà tí mo sọ ìtàn ti 1969 yìí tán, ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn sọ pé, “Tíṣà, a jẹ́ pé àwa náà ti jẹ́ Ghana rí.” N kò mọ ìwé ẹ̀kọ́ tí ó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÀWÒRÁN ÀTI Ọ̀RỌ̀ ABẸ́ RẸ̀

Ohun tí a rí nínú àpò yìí kò mọ sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní òpin oṣù August 2005, ìjì líle tí a ń pè ní Katrina jà ní Amẹ́ríkà, omi sì bo ìlú New Orleans mọ́lẹ̀. Àwòrán méjì jáde ní àkókò kan náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn méjì. Nínú ọ̀kan, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ń wọ́ oúnjẹ kọjá nínú omi tí ó mù ún dé àyà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán náà ní ó ti piyẹ́ ilé ìtajà. Nínú èkejì, òyìnbó méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ń la irú omi kan náà kọjá pẹ̀lú oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní wọ́n rí búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti ilé ìtajà. Ọ̀kan piyẹ́, àwọn kejì rí.

Òtítọ́ béèrè pé kí a fi èyí kún un: ilé iṣẹ́ tí ó kọ ìkíní sọ pé ayàwòrán òun fi ojú ara rẹ̀ rí ọkùnrin náà tí ó wọ ilé ìtajà, ẹni tí ó ya èkejì sì sọ pé òun kò rí ibi tí àwọn yẹn ti mú tiwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkàwé kò sí níbẹ̀. Àwọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó rí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ́ ọmọ láti béèrè pé: ẹni tí ó kọ èyí, ṣé ó rí i, tàbí ó rò ó? Ní àkókò kan náà, àwọn ìwé ìròyìn kan ń pe àwọn ará New Orleans ní ogunléndé nínú ìlú tiwọn; àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú, bí Jesse Jackson, kọ̀ ọ́, nítorí ó dàbí ìgbà tí a sọ ọmọ onílé di àjèjì.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí kò nílò àwòrán. Ní oṣù July 2015, David Cameron, ẹni tí í ṣe olórí ìjọba Britain nígbà náà, lo ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń la òkun Mediterranean kọjá, èyí tí àwọn Òyìnbó ń lò fún ọ̀wọ́ oyin àti kòkòrò tí ń fò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a wí. Àwa náà kò mọ́ nínú rẹ̀. A ń sọ pé wọ́n ya wọ ìlú bí omi. A ń sọ pé wọ́n bò wá bí eéṣú. Kí ni a ń ṣe sí omi tí ó ya wọ ilé? A ń dí i. Kí ni a ń ṣe sí eéṣú? A ń pa á. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ènìyàn wé eéṣú ti bá ẹni tí yóò pa á ṣe ìdajì iṣẹ́.

ÀWA NÁÀ, ỌMỌ OGUNLÉNDÉ NI WÁ

Kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tí a fi ń yangàn, ogunléndé ni ó tẹ̀ wọ́n dó. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá ní nǹkan bí 1820 sí 1830, àwọn tí ó ṣẹ́kù kóra jọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣáájú wọn. Báyìí ni Abẹ́òkúta ṣe dé. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ni nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821. Freetown ni ó ti rí ààbò ní 1822, ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ìwé Ìròhìn, tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní 1859, Abẹ́òkúta ni a ti tẹ̀ ẹ́, ní ìlú àwọn ogunléndé. Ní 1867 ni rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. A ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kristẹni Ẹ̀gbá sì sá lọ sí Èkó, a fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tta. Àwọn tí ń ka ìròyìn lánàá di ẹni tí a ń ròyìn lónìí. Kò sí ìdílé tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí.

BÍ A Ó TI KỌ́ Ọ NÍ KÍLÁÀSÌ

Ohun èlò tí a nílò kò pọ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi í dì ẹ̀pà àti àkàrà. Kí olùkọ́ gé àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí sí ojú pátákó, kí àwọn ọmọ sì mọ̀ wọ́n sórí.

Èkíní: Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? Kí àwọn ọmọ fa ilà sí abẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn náà. Wọn yóò sábà rí i pé ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, aláṣẹ sọ̀rọ̀, onílé sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ogunléndé fúnra rẹ̀ kò sọ ohun kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Èkejì: Orúkọ wo ni a pè é? Kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí wọ́n fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Kí wọ́n fi ogunléndé dípò àjèjì, kí wọ́n fi ìdílé méjì dípò ọ̀wọ́, kí wọ́n sì sọ bí ọkàn wọn ti yí padà.

Ẹ̀kẹta: Kí ni àwòrán fi hàn, kí ni ó sì fi pamọ́? Kí olùkọ́ gé ihò onígun mẹ́rin sí àárín páálí, kí ó gbé e lé orí àwòrán, kí ó sì máa sún un. Ní ibì kan, ọkùnrin kan tí ó fajú ro nìkan ni a óò rí. Bí a bá sún un díẹ̀, a óò rí ọmọ tí ó gbé lọ́wọ́. Bí ayàwòrán ti í yan ohun tí yóò wọ inú àwòrán rẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí abẹ́ àwòrán kan náà, kí a sì kà wọ́n sókè. Yóò yà wọ́n lẹ́nu bí àwòrán kan ti lè ní ìtumọ̀ ogún.

Ẹ̀kẹrin: Iye wọn ńkọ́? Ìṣirò wọ inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn fẹ́ràn láti sọ pé wọ́n pọ̀ jù; kí a bi í pé, wọ́n pọ̀ ju kí ni? Ní òpin 2023, àjọ ogunléndé ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ka àwọn tí a ti lé kúrò ní ilé wọn ní gbogbo ayé sí ohun tí ó lé ní 117 mílíọ̀nù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn rárá. Nínú àwọn tí ó sì jáde, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó wà ní ilẹ̀ tí kò lówó tàbí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kì í ṣe ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Ọmọ tí ó bá ti ṣe ìṣirò yìí rí, kò ní í tètè gbà pé ilẹ̀ Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sá lọ. Kí a tún sọ fún wọn pé ilẹ̀ tiwa náà ti gba ogunléndé: ní 1990 ni a ṣí àgọ́ ní Òrù, nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, fún àwọn tí ó sá fún ogun Liberia, láti òpin 2017 sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Cameroon ti ń sá wọ Cross River àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún: Bí ó bá jẹ́ tiwa ńkọ́? Kí wọ́n ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n sì fi ará Isuada sí ipò àlejò náà. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé wọn bóyá ẹnìkan nínú ẹbí ti gbé Ghana rí, kí ni ó gbé padà wá ilé, àti ohun tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Ẹnìkan nínú àwọn olùkọ́ wa lè béèrè pé: ṣé kí a wá kọ́ àwọn ọmọ pé gbogbo àlejò ni ó dára, kí wọ́n má sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni? Ní agbègbè yìí, ìbéèrè náà wúwo. Ní ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù June 2022, àwọn oníbọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa bí ogójì ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ọmọ Ọ̀wọ̀ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tanú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìròyìn ti rìn. Kí a tó rí òkodoro, ẹnu ti dárúkọ odidi ẹ̀yà kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹgbẹ́ ISWAP ni àwọn fura sí. Ní 2025, nígbà tí a gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹgbẹ́ Al-Shabaab ni a fi ẹ̀sùn kàn pé wọ́n wà. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni láti sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, ènìyàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òǹtẹ̀ ni láti sọ pé gbogbo wọn ni. Èyí ni ìyàtọ̀ tí a fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù apànìyàn gbọ́n. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ bíi tirẹ̀ ti fi ojú sílẹ̀ kúrò lára apànìyàn náà.

Mo mọ ilé ìwé kan, tí èmi kì yóò dárúkọ, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pe ẹgbẹ́ wọn kan ní “Bókò”, nítorí pé láti Borno ni àwọn òbí rẹ̀ ti sá wá. Orúkọ àwọn tí ó lé baba rẹ̀ kúrò ní ilé ni wọ́n fi ń pè é. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dẹ́kun àtimáa nawọ́ nínú kíláàsì ni. Bí a bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe mú un dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ wa. Ìyẹn pẹ̀lú, òǹtẹ̀ ni. Kí a fi àpò àti àwòrán kọ́ àwọn tí ń pe orúkọ náà, kí a sì pe ọmọ náà ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Kí a ṣọ́ra, bákan náà, kí a má bàa sọ àwọn ọmọ di ẹni tí kò gba ìròyìn kan gbọ́. Oníròyìn tòótọ́ wà, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ takuntakun; láìsí wọn a kì bá tí mọ̀ pé a kó 276 ọmọbìnrin lọ ní Chibok ní ọjọ́ 14 oṣù April 2014. Ohun tí a ń fẹ́ ni ọmọ tí yóò béèrè kí ó tó gbàgbọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Níbi tí ojú kò sì lè dé, ìbéèrè ni ó kù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a óò tú ká lọ sí ilé ìwé káàkiri Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a óò kọ́ kì yóò di akọ̀wé tàbí oníròyìn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò máa gbọ́ ìròyìn, tí wọn yóò sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láti orí ẹ̀rọ alágbèéká. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí kún àwọn ẹ̀kọ́ ìdánwò ìkọ́ni wa; ogójì ìṣẹ́jú tó o. Kí olúkúlùkù wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìròyìn àtijọ́ pamọ́ láti òní lọ.